Páwà ọkọ̀ wa àti róbà 500 náírà

Apá mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yíwọ́. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni, mo ti já àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì sílẹ̀ níléèwé, ó ku àbíkẹ́yìn tó ń jẹ búrẹ́dì lẹ́yìn, mo fẹ́ yà ní Bódìjà níbi táwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ máa ń tẹ́ ọjà wọn kan títì, ni mo bá yí sítíárín, sítíárín ò gbà. Kì í ṣe pé ó há o. Ó ń yí, àmọ́ bí ìgbà téèyàn ń ro àmàlà ọgbọ̀n èèyàn nínú ìkòkò kan ṣoṣo ni, kéèyàn fi ọwọ́ méjèèjì di orógùn mú kó máa pe Ọlọ́run. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́rin lọ, ó tún fúyẹ́ padà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tó fúyẹ́ tán ni mo wá gbọ́ igbe kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ùùùn, tí mo bá tún yí i báyìí á tún ké sókè sí i. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ní "Mummy, ọkọ̀ ń sunkún." Mo ní kó jẹ búrẹ́dì ẹ̀ jàre.

Bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ni méje ni ọkọ̀ yìí, tòkúnbọ̀, a ti ń lò ó bọ̀ lọ́dún karùn-ún. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí tẹ́ ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀ ẹ máa rí i pé ọkọ̀ gan-an ò jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀. Òun ló ń gbé ọmọ mẹ́ta lọ síléèwé, òun ló ń gbé ìrẹsì àti iṣu bọ̀ láti ọjà, òun ló ń gbé Alhaja, ìyá ọkọ mi, lọ sí Ọ̀yọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó nílé. Ọjọ́ tí kò bá dá wa lóhùn, a ó pín ara wa sínú Micra méjì nìyẹn, ẹni tó bá sì ti kó ọmọ mẹ́ta wọ Micra rí nílùú Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo gbé e lọ bá mẹ́kó wa, ẹni tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe fún wa látìgbà tí a ṣègbéyàwó. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò tíì wo inú ẹ̀ dáadáa tó fi sọ pé "Ọ́ìlì ló gbẹ, Mummy." Ó rán ọmọ iṣẹ́ kó lọ ra ọ́ìlì gíà wá, pupa yẹn, ó dà á sí i, ó ní ó parí. Mo bi í pé ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́, ibo ló lọ? Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ́ìlì máa ń gbẹ náà ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ́ìlì páwà, ìyẹn ohun tó ń mú kí sítíárín fúyẹ́ lọ́wọ́, kì í gbẹ. Èmi náà ò mọ̀ nígbà yẹn, ìyà ló kọ́ mi. Nínú irú ọkọ̀ tiwa yìí, ẹ́ńjìnnì ló ń fi bẹ́líìtì yí pọ́m̀pù kan, pọ́m̀pù yẹn á máa fipá ti ọ́ìlì gba inú họ́ọ̀sì lọ sínú ráàkì, ìyẹn irin gbọọrọ tó dùbúlẹ̀ sáàárín táyà iwájú méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá yí sítíárín sọ́tùn-ún, ọ̀nà kan á ṣí nínú ráàkì, ọ́ìlì á sì bá yín tì í síbi tẹ́ ẹ ń lọ. Agbára tẹ́ ẹ rò pé ẹ ní yẹn, ọ́ìlì ló ni ín. Tó bá ti ṣiṣẹ́ tán á padà sínú ike kékeré rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń yípo ni ṣá. Kì í ṣe pẹtiróòlù tó ń jóná, kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó lè máa jó díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti dín, ó gba ibì kan jáde ni, ẹni tó bá dà á kún láì wá ibi tó gbà jáde kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, igbe yẹn padà. Lọ́tẹ̀ yìí mẹ́kó fetí sí i, ó mi orí, ó ní "Pọ́m̀pù ti kú. Mummy, ẹ jẹ́ kí n bá Daddy sọ̀rọ̀." Ibí ni inú ti kọ́kọ́ bí mi. Daddy wo? Ọkọ mi tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin bẹ́líìtì ọkọ̀ àti bẹ́líìtì ṣòkòtò? Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ yìí, èmi ni mo ń sanwó ẹ̀, àmọ́ tí nǹkan bá ti kọjá ọ́ìlì àti táyà, Daddy ni wọ́n máa ń wá. Ó bá Daddy sọ̀rọ̀ lóòótọ́ o, Daddy sì ní "ṣe ohun tó bá yẹ kẹ́ ẹ ṣe", wọ́n wá gbé bílì fún èmi.

A jọ lọ sí Àràròmí ní Àgodi Gate. Tẹ́ ò bá tíì dé bẹ̀ rí, ẹ fọkàn sí bàtà yín, torí ilẹ̀ yẹn, ọ́ìlì ló mu ún yó. Wọ́n á bi yín pé Béljíọ̀mù lẹ fẹ́ ni àbí tuntun. Béljíọ̀mù ni èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù lókè òkun, tuntun sì ni ti Ṣáínà tó wà nínú páálí, tó ń dán bí owó ẹyọ. Ohun tó jọ èèyàn lójú ni pé tuntun ló yẹ kó dáa jù, àmọ́ gbogbo mẹ́kó tí mo mọ̀ ló máa ní kẹ́ ẹ ra Béljíọ̀mù, wọ́n ní òun ni orígínà, ara rẹ̀ ló ti gbó kì í ṣe ẹ̀mí rẹ̀. Mo ra pọ́m̀pù Béljíọ̀mù 65,000, owó iṣẹ́ 12,000. Wọ́n yọ ti àtijọ́, wọ́n de èyí, ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Inú mi dùn débi pé mo ra súyà fún àwọn ọmọ bá a ṣe ń bọ̀.

Mo gbàgbé láti gba pọ́m̀pù mi àtijọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Lọ́jọ́ karùn-ún mo ń yí padà lábẹ́ bíríìjì Mọ̀lété, ùùùn.

Ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá júwe ọ̀gá kan fún mi, ó ní ọ̀dọ́ ni, ó kàwé, kì í fi ojú wo ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ló fi ń wò ó. Ọ̀gá Skánà ni èmi ń pè é. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ó tì í bọ abẹ́ dásíbọ́ọ̀dù, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí ẹ̀bi kankan lórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà ráàkì ni. Mo tún béèrè pé tí kò bá sí ẹ̀bi lórí kọ̀ǹpútà báwo ló ṣe jẹ́ ráàkì? Kò dáhùn tààrà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé oríṣi páwà méjì ló wà. Ọlọ́ìlì ni tiwa, kọ̀ǹpútà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó dà bí kéèyàn wọn ìfúnpá ẹni tí eyín ń dùn. Èkejì ni oníná, tí kò ní ọ́ìlì, tí kò ní bẹ́líìtì, mọ́tò iná kékeré kan ló ń bá èèyàn yí i, sẹ́ńsọ̀ kan á sì máa wo bí ọwọ́ ṣe ń fa sítíárín tó kó lè mọ bó ṣe máa ràn án lọ́wọ́. Òun gan-an ni skánà lè rí.

Kí ẹ má sì rò pé oníná ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà o. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Òkè-Àdó, tiẹ̀ kàn tan iná pupa sórí dásíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan ni, sítíárín di òkúta, wọ́n ní kó ra odindi ráàkì pẹ̀lú mọ́tò inú rẹ̀, owó tó tó owó ilé ọdún kan fún ẹlòmíì. Ó ti ń wá ẹni tó máa yá a lówó kí riwáyà kan tó wọn bátìrì rẹ̀. Bátìrì ti rẹ̀! Mọ́tò yẹn ń fa iná gan-an, tí bátìrì tàbí ọtanétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, bá ti rẹ̀, kọ̀ǹpútà á pa páwà kí àwọn nǹkan tó kù má bàa kú. Bátìrì tuntun ló ra, iná pupa lọ, ó sì ń wakọ̀ dòní.

Lóòótọ́ àwọn tí ẹ̀bi wà lára ọkọ̀ wọn láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà. Ní 2014, GM, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, pe ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù 1.3 padà ní Amẹ́ríkà torí pé páwà oníná wọn lè dédé kú, Malibu àti Cobalt wà níbẹ̀, oṣù bíi méjì lẹ́yìn náà Ford náà pe Escape àti Mariner ti mọ́dẹ́ẹ̀lì 2008 sí 2011 padà, ó ju 900,000 lọ. Ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi kò sí lára wọn, tèmi náà kò sí níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó wà lọ́hùn-ún, wọ́n á kọ lẹ́tà sí i, á gbé ọkọ̀ lọ, wọ́n á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ọkọ̀ yẹn kan náà bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, tó gba Tin Can wọlé, tàbí tó gba Kùtọnu kó tó di pé wọ́n ní ọkọ̀ ò gbọdọ̀ gba bọ́dà ilẹ̀ wọlé mọ́ ní 2017, ta ló fẹ́ kọ lẹ́tà sí wa? Nọ́ńbà ṣaasí wà lára ọkọ̀ yín, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sórí sáìtì NHTSA, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, kẹ́ ẹ rí i bóyá àtúnṣe kan wà tí wọn ò ṣe kí wọ́n tó kó o ránṣẹ́ sí yín. Wọn ò ní bá yín ṣe é ní Ìbàdàn, àmọ́ ẹ ó kúkú mọ ohun tẹ́ ẹ rà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n padà sórí ráàkì. Ọ̀gá Skánà ní kí n má ra tuntun, òun á tú u, òun á pààrọ̀ síìlì inú ẹ̀, ìyẹn róbà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, 48,000 gbogbo rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, mo gbà. Wọ́n tú ráàkì lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí páálí Índómì, mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi, yanrìn wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dè é padà, igbe ò lọ, nǹkan méjì tún wá kún un. Ọkọ̀ ò tọ́ mọ́, tí mo bá ń lọ tààrà lójú títì, sítíárín á dagun bí ẹni tí ọrùn ń dùn, mo ní láti lọ ṣe aláínmẹ́ńtì, 8,000. Èkejì, ọkọ̀ tí kò da nǹkan sílẹ̀ rí wá ń tọ̀ sílẹ̀ bí ọmọ jòjòló, ìyá onílé wa pè mí jáde ní Sátidé wá wo interlock òun. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo fi ómò fọ̀ ọ́. Àbààwọ́n yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ́ìlì káàkiri bí alágbo. Ìgò kan 3,500, mo lo mẹ́rin.

Ìnáwó kan wá dé ní Ọ̀yọ́, Alhaja ò sì lè má lọ. Ọkọ mi ní kí á wọ bọ́ọ̀sì ní páàkì, Alhaja ní òun ò lè wọ bọ́ọ̀sì páàkì pẹ̀lú gèlè òun. A gbéra. A kọjá Móníyà, a ń lọ jẹ́jẹ́, Alhaja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn pẹ̀lú kúlà oúnjẹ, a ti sún mọ́ Ọ̀yọ́, mo bọ́ sí kọ́ọ̀nà kan tí kò tiẹ̀ mú, tírélà ń bọ̀ níwájú. Páwà lọ. Ó lọ pátápátá, láàrin kọ́ọ̀nà. Sítíárín tó ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi dúró gbagidi, imú ọkọ̀ sì ń wo ọ̀dọ̀ tírélà. Mo gbàgbé ẹsẹ̀, mo gbàgbé bíréèkì, apá méjèèjì ni mo fi fà á, mo gbọ́ tí egungun èjìká mi dún. Ó yí. Ó yí tipátipá, tírélà kọjá lára wa fìrì bí atẹ́gùn ẹ̀ẹ̀rùn. Alhaja ti ń pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tó ní.

Mo páàkì sẹ́bàá ọ̀nà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nǹkan tó yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀ ni pé tí páwà bá kú, sítíárín ò já o, irin ló so ó mọ́ táyà, ó ṣì máa yí, agbára yín nìkan ni yóò kù. Tẹ́ ẹ bá wà lórí eré kò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ wúwo, ibi tẹ́ ẹ bá ti ń rọra rìn, bí ìgbà téèyàn ń páàkì, ni á le bí ògiri. Ìyàlẹ́nu yẹn ló ń pààyàn, kí ọwọ́ máa retí fúyẹ́ kó bá òkúta. Alhaja ní tiwọn, nígbà tí ẹ̀mí wọn balẹ̀, wọ́n ní kí ni mò ń gbọ̀n fún, pé bàbá ọkọ mi wa Volkswagen ìjàpá láti Ìbàdàn lọ Èkó láìmọye ìgbà, kò sì ní páwà, ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń wà á. Mo ní "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Mi ò sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà, iwájú rẹ̀ fúyẹ́ bí agbọ̀n òfìfo, ọmọdé lè yí i. Èèyàn kì í jiyàn pẹ̀lú ìyá ọkọ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́.

Ẹni tó jáde wá bá wa ni bàbá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́yìn ilé epo tí a páàkì sí, ọkọ̀ katakata àti tírélà ló ń tún họ́ọ̀sì wọn ṣe. Ó kí Alhaja dáadáa, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn tan, Ọ̀yọ́ náà ni, ó wá kọjú sí mi, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ n wò ó." Kò béèrè Daddy. Ó ní kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ó ṣí ike ọ́ìlì páwà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀, ó ní kí n wá wò ó.

Ẹ ti rí ẹmu tuntun rí, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ láti orí ọ̀pẹ? Bó ṣe ń hó nìyẹn. Ọ́ìlì pupa yẹn ti di pínǹkì, ìfófòó bò ó lójú, ó ń gun òkè, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ìdérí jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ibi tí ọ́ìlì ń gbà lọ látọjọ́ yìí nìyẹn, tí wọ́n ń sọ pé ó gbẹ.

Bàbá ní "Afẹ́fẹ́ ló ń mu. Pọ́m̀pù ò lè ti afẹ́fẹ́, ìdí tó fi ń ké nìyẹn." Ó nawọ́ sí ibi tí páìpù ti ń gbé ọ́ìlì wọ pọ́m̀pù, ó ní róbà roboto kan wà nínú ibẹ̀, tó bá ti gan, kò ní dà síta níbẹ̀ torí pọ́m̀pù ń fà á ni, ṣe ló máa ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ìdí tẹ́nikẹ́ni ò fi rí nǹkan nìyẹn. Ó tú nọ́ọ̀tì méjì, ó fa páìpù yọ, ó fi ìṣó yọ róbà náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò tóbi ju òrùka lọ. Ó ti di pẹlẹbẹ, ó le, mo tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó dá sí méjì kẹ̀ẹ́ bí gúgúrú.

Ìyẹn ni pé mẹ́kó mi yọ pọ́m̀pù mi tí kò ṣe nǹkan kan, ó de pọ́m̀pù Béljíọ̀mù, ó sì mú róbà àtijọ́ tó ti gan yẹn kan náà, ó tún tì í bọ tuntun.

Bàbá tún yí ìdérí ike sí mi, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Irú ọ́ìlì tó yẹ kéèyàn dà sí i ni wọ́n kọ síbẹ̀ gbàgàdà, kì í ṣe ọ́ìlì gíà. "Ṣé àwọn ọ̀gá Ìbàdàn ò kàwé ni?" Alhaja rẹ́rìn-ín títí. Bàbá rán ọmọ kan sínú ìlú, róbà 500 náírà, ọ́ìlì tó yẹ ìgò méjì. Ó fa ti àtijọ́ jáde, ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní kí àkọ́bí mi jókòó sáàyè awakọ̀ kó máa yí sítíárín láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, lọ́tùn-ún, lósì, ọmọ náà gbádùn ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ń wo ike bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tú jáde, bùlú bùlú, ó ń da ọ́ìlì kún un díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí kò tú mọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n ṣíná. Ọkọ̀ dákẹ́. Mo fi ìka kan yí sítíárín, ọ̀kan ṣoṣo, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Owó iṣẹ́ tó gbà kò tó owó súyà ọjọ́sí. Nígbà tá a dé ibi ìnáwó, wọ́n ti ń pín ìrẹsì.

Mo ṣírò ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pọ́m̀pù àti owó iṣẹ́ 77,000, síìlì ráàkì 48,000, aláínmẹ́ńtì 8,000, ọ́ìlì 14,000. 147,000. Mi ò tíì ka ti Ọ̀yọ́ mọ́ ọn, mi ò sì ka ómò tí mo fi fọ interlock.

Ráàkì yẹn ṣì ń jò díẹ̀ o, èyí tí wọ́n tú lórí páálí Índómì, Bàbá ní síìlì tí wọ́n fi sí i kì í ṣe sáìsì rẹ̀, pé kí n máa wò ó, tí mo bá ti lówó kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe é dáadáa. Mo máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra mi báyìí ní gbogbo Sátidé, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù, àwọn ará àdúgbò ti ń pè mí ní Ìyá Mẹ́kó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́kó wa àkọ́kọ́ pè mí. "Mummy, ẹ ti gbàgbé wa! Báwo ni páwà?" Mo ní páwà wà dáadáa. Mo ní mo kàn fẹ́ bi í ní nǹkan kan, pọ́m̀pù mi tó yọ lọ́jọ́sí yẹn, ibo ló wà? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní "Hẹlóò? Hẹlóò? Mummy, mi ò gbọ́ yín dáadáa o." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já.